Inú Rere Láàrín Àwọn Atukọ̀ Òfuurufú Afìfẹ́fò



Kò sí ẹni tí yóò kọ́ àwa ará Ìdí-Ìrókò ní ohun tí à ń pè ní ààlà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ìlú Paris, tí wọ́n sì fi ìlà pín ilẹ̀ wa sí méjì. Kétu àti Pọ̀bẹ́ àti Àjàṣẹ́ bọ́ sí apá kan, Ìpókíá àti Ìlaró àti Ayétòrò bọ́ sí apá kejì. A kò sì bi àwọn tí wọ́n jọ ń ro oko kan náà, tí wọ́n jọ ń sin òkú ní àgbàlá kan náà, bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Láti ìgbà náà wá, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ ní Ìgòlò, ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, ní láti kọ́kọ́ dúró dá àwọn aṣọ́bodè lóhùn. Bí àwọn kan bá wà nígbà náà tí wọ́n ń gba orí irú ìlà bẹ́ẹ̀ kọjá ní òkè fíofío, ó yẹ kí àwa fẹ́ mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ń gbé èrò àti lẹ́tà ni a mú wá lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn ọmọ ogun. Àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ni àwọn tí wọ́n ń fò nítorí pé fífò wù wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò sì san owó ọ̀yà fún wọn. Nínú àsọyé yìí a ó máa pè wọ́n ní afìfẹ́fò, nítorí a kò rí orúkọ mìíràn tí ó bá wọn mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, eré àwọn olówó ni èyí, kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Òtítọ́ ni pé púpọ̀ nínú wọn lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbàtí a ka ìtàn wọn, a rí ohun kan tí ó mú wa dúró. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń bá ara wọn díje gidigidi, olúkúlùkù ń fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ borí, síbẹ̀ nígbàtí ọ̀kan nínú wọn bá sọnù tàbí tí ó bá bọ́ sínú wàhálà, àwọn ìyókù kì í wò ó níran. Bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, àti ibi tí inú rere náà mọ, ni a fẹ́ sọ.

Kí ó tó di ọdún 1925, kò rọrùn fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun láti kọ́ bí a ti ń tu ọkọ̀ òfuurufú. Ní oṣù kejì ọdún náà ni Geoffrey de Havilland, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé ọkọ̀ kékeré kan fò fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tí ó sọ ní Moth, èyíinì ni àfòpiná. Igi ni egungun rẹ̀, aṣọ ni a fi bo apá rẹ̀. Ìjókòó méjì ni ó ní, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò sì ní òrùlé, tó bẹ́ẹ̀ tí òjò àti oòrùn fi ń pa ẹni tí ń tù ú. A lè ká apá rẹ̀ sẹ́yìn bí adìyẹ ti ń pa ìyẹ́ mọ́ra, kí a sì tì í sínú ilé. Kò ní ẹ̀rọ tí atukọ̀ lè fi bá ará ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbàtí ó bá ti gbéra, ó di òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ní ọdún 1925 yìí kan náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ran àwọn ẹgbẹ́ afìfẹ́fò lọ́wọ́, kí ará ìlú lè kọ́ iṣẹ́ náà ní iye owó tí apá wọn yóò ká. Ẹgbẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù wà ní pápá kan tí à ń pè ní Stag Lane. Ibẹ̀ ni ìyàwó olówó ńlá kan àti ọmọbìnrin oníṣòwò ẹja kan ti kọ́ iṣẹ́ náà, a ó sì gbọ́ nípa àwọn méjèèjì láìpẹ́.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣáájú: Arthur Coningham ni ó kó wọn láti Cairo wá sí Kánò ní ọdún 1925. Ọkọ̀ èrò tí ń ná ọ̀nà déédéé kò dé Èkó títí di ọdún 1936. Láàrín àkókò náà àwọn afìfẹ́fò díẹ̀ ń fi ọkọ̀ ti ara wọn wá, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni Carpenter, tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ń pè ní Bud. Ó ní ọkọ̀ Moth kan, ó sì dá nìkan fi í rin láti Kánò dé Èkó, ojú irin reluwé ni ó sì ń wò lọ nísàlẹ̀ kí ó má ba à sìnà. Ojú irin tí ó ti so Kánò mọ́ Èkó láti ọdún 1912, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn baba wa ru erùpẹ̀ rẹ̀ lórí, ni ó di okùn tí òyìnbó yìí dì mú ní ojú ọ̀run.

Èkejì ni Captain R. S. Rattray, a kò sì ní fi pa mọ́ pé òun ni a fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. A bí i ní ọdún 1881. Nígbàtí ó dé Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà láti ọdún 1957, iṣẹ́ aṣọ́bodè ni ó kọ́kọ́ ṣe, iṣẹ́ tí ọmọdé ìlú yìí pàápàá mọ̀. Ṣùgbọ́n dípò kí ó máa tú ẹrù àwọn ènìyàn nìkan, ó jókòó tì wọ́n, ó kọ́ èdè wọn, ó sì béèrè àṣà wọn lọ́wọ́ àwọn àgbà, títí ìjọba fi yàn án ní ọdún 1921 láti máa ṣe ìwádìí nípa àṣà àwọn ará Ashanti. Ìwé tí ó kọ nípa wọn wà títí di òní, àwọn ọmọ Ashanti fúnra wọn sì ń kà á. Ní ọdún 1929, nígbàtí ó ti kọjá ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ó gbé ọkọ̀ Moth láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dá nìkan fò dé Gold Coast. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí a máa gbé ọkọ̀ náà láti Ákrà wá sí Èkó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí ó yá jù fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni etí òkun, láti Lomé dé Ouidah, láti Ouidah dé Kútọnu, títí dé Àgbádárìgì, èyí tí kò jìnnà sí wa rárá. Aṣọ́bodè àtijọ́ yìí ń gba orí ààlà mẹ́ta kọjá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí ó tú ẹrù rẹ̀ wò lójú ọ̀run! Ní ọdún 1938 ni ó kú nítòsí Oxford, nínú ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnì, nítorí pé títí di òpin ni ó ń fi fífò ṣeré.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a sọ bí irú ìrìnàjò wọ̀nyí ti rí, kí ó lè yé wa ìdí tí àwọn ènìyàn náà fi ń ṣe ara wọn lóore. Ọkọ̀ kékeré kò lè gbé epo púpọ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ó gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, epo bẹntiróò sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ nínú agolo, èyí tí ẹnìkan ti fi ọkọ̀ ojú omi tàbí ràkúnmí tàbí orí ènìyàn gbé dé ṣáájú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti ṣán pápá, kí ó sì ti wú kùkùté. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dá iná kí èéfín rẹ̀ lè fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà han atukọ̀. Bí aṣọ apá ọkọ̀ bá ya, ẹnìkan gbọ́dọ̀ rán an. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìrìn àdánìkànrìn wọ̀nyí, tí ìwé ìròyìn ń fi ìgbéraga pè bẹ́ẹ̀, kò ṣe é rìn láìsí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ọdẹ wa ní igbó Yewa mọ ohun tí à ń wí. Ọdẹ méjì lè máa jowú ara wọn lórí ẹran láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbàtí ọ̀kan bá fun fèrè pé òun ti ṣìnà, èkejì a dá a lóhùn, nítorí ó mọ̀ pé igbó kan náà ni òun yóò wọ̀ lọ́la. A kò gbà pé inú rere tí ó ti inú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wá kéré sí èyí tí ó ti inú àánú lásán wá. Ó tilẹ̀ máa ń pẹ́ jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọdún 1928. Mary Bailey, tí à ń pè ní Lady Bailey, jẹ́ ọmọ ìjòyè kan ní ilẹ̀ Ireland, ìyàwó Abe Bailey olówó ilẹ̀ South Africa, àti ìyá ọmọ márùn-ún. Stag Lane ni ó ti kọ́ fífò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún náà ó gbéra ní Croydon, òun nìkan, ó ń lọ sí Cape Town. Nígbàtí ó dé Cairo, àwọn aláṣẹ sọ pé rògbòdìyàn wà ní ìhà gúúsù Sudan, àti pé obìnrin kò gbọdọ̀ dá fò gba ibẹ̀ kọjá. Nígbàtí wọ́n sì rí i pé ó lè máà gbọ́, wọ́n ti ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lé. Ní àkókò kan náà obìnrin mìíràn láti Ireland, Lady Heath, ń bọ̀ láti Cape Town sí àríwá, òun náà nìkan, ìjọba Sudan sì fẹ́ kí òun pẹ̀lú ní ẹni tí yóò sìn ín. Àwọn ìwé ìròyìn ti sọ ọ́ di ìdíje láàrín àwọn méjèèjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ọ̀nà yẹn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bentley, ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ South Africa. Ní ọdún 1927 ni òun tìkararẹ̀ ti dá fò láti Lọ́ńdọ̀nù dé Cape Town nínú ọkọ̀ Moth. Ní ọdún tí à ń wí yìí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ọkọ̀ wọn rìn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń gbafẹ́. Ọkùnrin yìí gbà láti fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lady Heath nígbàtí ó ń lọ sí àríwá, ó sì tún gbà láti fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lady Bailey nígbàtí ó ń lọ sí gúúsù. Ẹ kíyèsí i: ọ̀nà tí ó ti rìn kọjá ni ó tún padà sí, nínú oòrùn Sudan, pẹ̀lú epo àti àkókò tirẹ̀, kí orúkọ obìnrin mìíràn lè hàn nínú ìwé ìròyìn. Àwọn obìnrin méjèèjì pàdé ní Khartoum. Bí wọ́n bá bínú sí ara wọn, ọ̀nà wọn kò fi hàn, nítorí ọ̀kan ń bá tirẹ̀ lọ sókè, èkejì ń bá tirẹ̀ lọ sísàlẹ̀, atọ́nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ pín. Ní Tabora, ní ilẹ̀ Tanganyika, ọkọ̀ Lady Bailey ṣubú, ó sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọkọ rẹ̀ ṣètò òmíràn fún un, ó sì dé Cape Town ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹrin. Nígbàtí ó ń padà, ìhà ìwọ̀-oòrùn ni ó gbà, láti Kóńgò gba àwọn ilẹ̀ Faransé títí dé Dakar, ó sì padà dé Croydon ní oṣù kìíní ọdún 1929.

Nípa ti Lady Heath, ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Nítòsí Bulawayo, oòrùn pa á lójú ọ̀run títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Agbára káká ni ó fi gbé ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ sínú pápá kí ó tó dákú. Nígbàtí ó là jú, àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti abúlé ni ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Orúkọ Bentley wà nínú ìwé. Orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí kò sí. Wọn kò ka ìwé ìròyìn, wọn kò mọ ohun tí ìdíje jẹ́, ó sì ṣeéṣe kí ó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn yóò rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìtòsí. Wọ́n lè sá lọ. Wọn kò sá.

Ọmọbìnrin oníṣòwò ẹja tí a dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni Amy Johnson, ará ìlú Hull. Iṣẹ́ títẹ̀wé lórí ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ní ilé iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, owó kékeré tí ó ń gbà níbẹ̀ ni ó sì fi ń kọ́ fífò. Jack Humphreys, tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnì ṣe ní Stag Lane, gbà á láàyè kí ó wá máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin rò pé obìnrin kò ní ohun tí yóò fi ìdọ̀tí epo ṣe. Ní òpin ọdún 1929 ó gba ìwé àṣẹ láti máa tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú ṣe, obìnrin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba irú rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1930 ó gbéra lọ sí Australia, ó sì dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà. Kò ní bẹ́ẹ̀ dé bí kò bá ṣe ti Insein, ní ilẹ̀ Burma. Òjò ńlá ń rọ̀, ó ṣèèṣì bọ́ sílẹ̀ sí pápá eré ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ sì kó sí kòtò, apá rẹ̀ ya. Àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà dá a jókòó, wọ́n sì bá a tún un ṣe. Aṣọ tí ó yẹ láti fi lẹ apá ọkọ̀ kò sí nílùú. Àfi ìgbà tí ẹnìkan rántí pé àwọn ṣẹ́ẹ̀tì kan wà tí a fi àṣẹ́kù aṣọ ọkọ̀ òfuurufú ìgbà ogun rán. Wọ́n tú ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ apá ọkọ̀. Nígbàtí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún Amy Johnson ní Australia, ẹ̀wù àwọn ará Burma ni ó gbé e kọjá òkun.

Títí di ìsinsìnyí, láàrín gbogbo àwọn atukọ̀ tí a ti dárúkọ, kò sí dúdú kan ṣoṣo. A kò lè fi ẹnu dídùn sọ ìtàn yìí kí a sì fo èyí. Afìfẹ́fò ń ran afìfẹ́fò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kà sí ọ̀kan nínú wọn ni à ń wí. Ní Amẹ́ríkà, nígbàtí Bessie Coleman, ọmọ àwọn dúdú tí ń ṣa òwú ní Texas, fẹ́ kọ́ fífò, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà á. Robert Abbott, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó kọ́ èdè Faransé, ó ré òkun kọjá, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1921. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1926 ó ré bọ́ láti inú ọkọ̀ ní Jacksonville, ó sì kú, kí ó tó lè dá ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń lá àlá rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò jókòó sọkún. Ní Chicago, John Robinson lọ ń gbálẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ fífò kan tí kò fẹ́ gba dúdú, ó sì ń fetí kọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ bí ó ti ń gbálẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cornelius Coffey forí tì í títí a fi gbà wọ́n wọlé, nígbàtí wọ́n sì yege, wọ́n kó àwọn dúdú mìíràn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì la pápá ní Robbins, ìlú àwọn dúdú. Láti ọdún 1931 ni àwọn atukọ̀ dúdú Chicago ti bẹ̀rẹ̀ sí fò lọ sí orí sàréè Bessie Coleman lọ́dọọdún, tí wọ́n ń da òdòdó sílẹ̀ láti òkè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí i rí láyé.

Ní ọdún 1932, méjì nínú irú àwọn ènìyàn yìí, James Herman Banning àti Thomas Allen tí ń tún ẹ́ńjìnì ṣe, gbéra ní Los Angeles láti fò dé New York nínú ọkọ̀ àlòkù. Owó tí ó wà lápò wọn kò tó ra epo dé ìdajì ọ̀nà. Wọ́n ṣe ìlérí kan: ẹnikẹ́ni tí ó bá fún wọn ní oúnjẹ tàbí ibùsùn tàbí epo ní ìlú tí wọ́n bá bọ́ sí, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí etí apá ọkọ̀ náà, orúkọ rẹ̀ yóò sì bá wọn dé New York. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi rin ìrìn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí 41 àti ìṣẹ́jú 27 péré ni wọ́n lò lójú ọ̀run. Ìyókù, wọ́n fi ń wá ohun tí wọn yóò fi gbéra ni. Ní oṣù kẹwàá wọ́n dé, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn olóore wọn lára apá ọkọ̀. A ti sọ pé kò sí ìrìn tí a dá rìn nínú gbogbo ìrìn wọ̀nyí. Àwọn méjì yìí nìkan ni a mọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sójú kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Láti ìgbà náà wá ohun púpọ̀ ti yípadà: ní ọdún 2017, ọmọ Nàìjíríà kan, Ademilola Odujinrin, parí ìrìn àdáfò yí ayé ká nínú ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnì kan.

Ó ku ìtàn kan tí ó ṣòro láti sọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1932 ni Amy Johnson tún fò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà àti ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfríkà dé Cape Town ní ọjọ́ mẹ́rin àti wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 54. William Lancaster, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, pinnu láti yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí ti gbajúmọ̀ nígbà kan, nígbàtí òun àti Jessie Miller, obìnrin ará Australia tí àwọn ọ̀rẹ́ ń pè ní Chubbie, jọ fò láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Australia ní ọdún 1927 sí 1928. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1932 a fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án ní Miami. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ fún un ní iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ni ó ra ọkọ̀ fún un. Ó rò pé bí òun bá lè dé Cape Town kí òun sì borí, ojú òun yóò tún gbé sókè láwùjọ.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 1933 ó gbéra. Ní ọjọ́ kejì ó dé Reggan, ní etí aṣálẹ̀ ilẹ̀ Algeria tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Borel, ará Faransé tí ń bójú tó ibùdó àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ tí ń la Sàhárà kọjá, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró di òwúrọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Lancaster kọ̀. Kò sí iná nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí ó lè fi wo máàpù; Borel fún un ní tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ àti ìṣáná, ó sì wí fún un pé bí a kò bá gbọ́ pé ó ti dé Gao ní ọjọ́ kejì, òun yóò rán ọkọ̀ jáde láti wá a. Ẹ rántí pé ẹni ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó jẹ́ lójú Borel, àlejò láti orílẹ̀-èdè mìíràn tí kò gba ìmọ̀ràn. Kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ohunkóhun.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ẹ́ńjìnì kú lójú ọ̀run, ọkọ̀ sì dojú dé sórí yanrìn ní ibi tí ó lé ní 150 máìlì sí gúúsù Reggan, ó sì ti yapa kúrò lójú ọ̀nà. Orí rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n kò kú. Ó ní omi bíi gálọ́ọ̀nù méjì. Ó gbẹ́kẹ̀lé ìlérí tí a ṣe fún un, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Lálẹ́ ó ń ya aṣọ ara apá ọkọ̀, ó ń rẹ ẹ́ sínú epo, ó sì ń tanná ràn án. Borel mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Nígbàtí ìròyìn kò dé láti Gao, ọkọ̀ ilẹ̀ jáde lójú ọ̀nà aṣálẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú Faransé náà sì jáde. Wọn kò rí i.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó fi ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sínú ìwé, ó ń kọ̀wé sí àwọn òbí rẹ̀ àti sí Miller. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìgbẹ̀yìn jẹ́ ti ogúnjọ́ oṣù kẹrin. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé oore Borel já sí asán, nítorí kò gba ẹ̀mí là. A kò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn fún ọjọ́ mẹ́jọ mọ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà pé a ń wá òun, ó sì jẹ́ òtítọ́ pé a ń wá a. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kú láàrín ìlú, láàrín àwọn ìbátan wọn, tí kò sí èyí fún wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 1962, ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìgbà náà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé kan tí ń rìn kiri ní aṣálẹ̀ rí ọkọ̀ náà àti òkú ẹni tí ó tù ú, yanrìn àti ooru ti gbẹ ẹ́. Ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti fi aṣọ dì í, ó sì ti so ó mọ́ ara apá ọkọ̀. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Jessie Miller, ẹni tí ó ṣì wà láàyè. Ní ọdún 1975 ni a lọ kó àwókù ọkọ̀ náà kúrò ní aṣálẹ̀. Ó wà ní ìpamọ́ ní ilé ìṣúra ohun àtijọ́ ti Queensland, ní Australia.